Nígbà Tí Yusuf Fi Orin Sílẹ̀



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéú mi fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ó ti tún orin ìfẹ́ gbajúmọ̀ olórin kan kọ, ó sì ti gbé fídíò rẹ̀ sórí TikTok. Ohùn rẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́. Ohùn yẹn náà ló fi ń ka Súrà Yásínì fún wa. Ó ní, "Ùsítáàsì, tí ẹ bá ní kò dáa, màá pa á rẹ́." Mo bi í léèrè pé èèyàn mélòó ló ti gbé e sínú fóònù tiwọn. Kò mọ̀.

Òun ló mú mi rántí Yusuf Islam, ẹni tí àwọn bàbá yín lè mọ̀ sí Cat Stevens. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1948. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí orin rẹ̀ ti gbòde. Ikọ́ ife dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nígbà tó yá, omi òkun fẹ́ gbé e lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì ké pe Ọlọ́hun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ sí Jerúsálẹ́mù fún un ní Àlùkùráánì, ó kà á, ó sì gba Ìsìláàmù ní oṣù Kejìlá 1977. Ó ta àwọn gìtá rẹ̀, ó fi owó wọn ṣàánú. Ní 1983, ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mùsùlùmí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníwàásù wa máa ń parí ìtàn náà sí, tí gbogbo wa á ké kábárà. Ibi tó kàn wá gan-an kò tíì dé.

Orin rẹ̀ kò bá a wọ mọ́sálásí. Ní 1988, nígbà tó ti fi orin sílẹ̀ pẹ́, Maxi Priest fi ìlù rẹ́gè tún "Wild World" kọ, ayé sì gbà á. Ní 1995, àwọn ọmọkùnrin Boyzone kọ "Father and Son". Ní 2003, Sheryl Crow kọ "The First Cut Is the Deepest", tí Rod Stewart ti kọ ṣáájú rẹ̀. Yusuf ti pa ẹnu tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a pa ẹnu àwọn yẹn mọ́?

Ó padà sídìí orin ní 2006, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ gbé gìtá wọlé. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ohun èlò orin. Èmi ò fẹ́ gìtá nílé mi, ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí ẹ̀ bú u.

Ohun tó ṣe ní 2020 ló wọ̀ mí lára jù. Ó tún "Father and Son" gbé jáde. Bàbá ní kí ọmọ òun fara balẹ̀ ni orin náà, ọmọ ní òun ń lọ. Ohùn tó ti kọ sílẹ̀ ní 1970, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún, ni wọ́n fi ṣe ti ọmọ. Òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, ló kọ ti bàbá. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ó ṣì lè dúró ti orin ìgbà èwe rẹ̀ láìsí ìtìjú.

Ìwọ ńkọ́? Èwo nínú àwọn orin tí ò ń tún kọ, tí ò ń jó sí níwájú kámẹ́rà, lo lè jókòó ti ọmọ rẹ gbọ́ lọ́jọ́ iwájú? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìhòòhò obìnrin ni fídíò wọn fi ń tajà. O lè ronú pìwà dà ní ọ̀la, Ọlọ́hun á sì gbà á. Àmọ́ ẹni tó ti gbà á lọ́dọ̀ rẹ ṣì ń jó.

Mi ò sọ fún ọmọ kéú mi pé kó pa á rẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ kọ ọ́ sétí ìyá rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó sì ti fóònù bọ àpò.