Àfiwé Dára Ju Òfin Lọ Nínú Kíkọ́ni ní Eré Ìdárayá

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ní tèmi o, àfiwé kan ju òfin mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní tẹ́nìsì orí tábìlì ní Kúta, òfin ni mo máa ń kà lé wọn lórí: tẹ eékún, yí èjìká, gbé ọwọ́. Kí wọ́n tó rò ó tán, bọ́ọ̀lù ti kọjá. Mo pe ọmọ kan ní olódo. Èmi gan-an ni olódo.

Ní 2001, Liao àti Masters ní kí àwọn tí ń kọ́ eré yìí fi bátì tọ ẹ̀gbẹ́ gígùn onígun mẹ́ta lọ sókè. Ọwọ́ wọn kò bàjẹ́, àní nígbà tí wọ́n ń ka òǹkà sẹ́yìn bí wọ́n ti ń gbá a. Ṣùgbọ́n àfiwé yìí kò yé àwọn Ṣáínà ní Hong Kong dáadáa. Ní 2007, wọ́n ní kí bátì máa gun ẹ̀gbẹ́ òkè.

Ọmọ Kúta ńkọ́? Sọ fún un pé kí ó ṣe bí àgbẹ̀ tí ń fi apá nu òógùn iwájú orí. Àwọn kan yóò ní ó gbọ́dọ̀ mọ òfin. Yóò mọ̀ ọ́n, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ eré náà.