Fìlà Tí À Ń Gbé Kiri Họ́sítẹ́ẹ̀lì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó lónìí: ọ̀nà tí à ń gbà tọ́jú ara wa nínú ọgbà yìí kò dáa. Ìgbà tí àpẹ́ńdíìsì bá ti gbé ẹnìkan ṣánlẹ̀ tán ni à ń rántí pé ó yẹ kí a dáwó. A óò gbé fìlà láti yàrá dé yàrá, a óò fi nọ́ńbà àkáǹtì sórí WhatsApp. Ẹnìkan á fi N200 sílẹ̀, ẹlòmíì á ní òun ń bọ̀. Kí owó tó pé, ilẹ̀ ti mọ́. A ó wá máa fọ́nnu pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àgbájọ ọwọ́ wo nìyẹn, tó jẹ́ pé ìgbà tí ìyà ti jẹni tán la tó ń wá ọwọ́ kiri?

Adójútòfò ìlera kì í ṣe nǹkan àjèjì. Fìlà yẹn náà ni, àmọ́ kí àìsàn tó dé la ti gbé e kiri. Gbogbo wa á dá díẹ̀díẹ̀ sí i, ẹni tí àìsàn bá kàn ni wọ́n á ná an lé lórí. Kò dà bí àjọ, nítorí bí o kò bá ṣàìsàn, owó rẹ kò padà sọ́wọ́ rẹ. Ibí yìí gan-an ló ń bí ọ̀pọ̀ wa nínú. Wọ́n á ní, "Ṣé kí n wá fi owó mi pe àìsàn ni? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àmín o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́, ṣé olè ló ń pè? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti san owó yìí láìmọ̀. Ètò NHIS tí òfin dá sílẹ̀ ní 1999, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, ní ẹ̀ka kan fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga. TISHIP ni wọ́n ń pè é. Inú owó ilé ìwé ni wọ́n sábà máa ń kó owó rẹ̀ sí. Ẹ fa rísíìtì yín yọ, ẹ kà á láti òkè délẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń gbé, kò sí ẹni tó ní káàdì nínú wọn. Mo lọ béèrè ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Ọ̀la ọ̀hún kò tíì dé.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Alárinà tí wọ́n ń pè ní HMO ló ń san owó orí wa fún kílíńìkì tí orúkọ wa wà, oṣooṣù ni, a ṣàìsàn o, a ò ṣàìsàn o. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Ta ló máa wá sáré sọ fún wa?

Ẹlòmíì á ní, "Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, mo wà lábẹ́ tiwọn." Ó dáa. Ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18 ni ètò náà gbà mọ́ òbí lọ́rùn. Ìwọ tó ti wà ní 300 level ńkọ́?

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ NHIS di NHIA, ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn. Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 2018, N8,500 ni ẹnìkan ń san lọ́dún. Owó ti gorí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ fi wé owó aṣọ àti dínà àwọn tó fẹ́ jáde, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé kò sówó.

Síbẹ̀, ẹ má torí pé ó pọ́ọ́kú rà á. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àkọ́kọ́, ilé ìwòsàn wo ni wọ́n kọ fún ọ? Ṣé ó ń ṣílẹ̀kùn lóru, ṣé ọ̀kadà lè tètè gbé ọ débẹ̀? Èkejì, oṣù mélòó lo máa dúró lẹ́yìn tó o bá sanwó kí wọ́n tó dá ọ lóhùn? Ẹ̀kẹta, ṣé iṣẹ́ abẹ wà nínú rẹ̀, ibo ni owó wọn sì mọ? Ẹni tó jẹ́ SS tàbí tó ní ikọ́ fée, kó béèrè bóyá wọ́n ń gba àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Bí kílíńìkì bá ní kó o lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, tí kì í bá ṣe pàjáwìrì, gba ìwé àti nọ́ńbà àṣẹ HMO dání, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní kó o lọ mówó wá.

Tèmi ni pé, kọ́kọ́ gba káàdì ohun tó o ti san. Bí wọn ò bá kó ọ mọ́ ọn, tàbí tí ọlidé bá máa ń gbé ọ jìnnà sí ọgbà, ra ti ìpínlẹ̀ tí ilé yín wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó yẹ ti aládàáni wò.

Ẹ̀yin aṣáájú wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n pariwo bí iná bá lọ, ẹ pariwo èyí náà. Kí wọ́n lẹ orúkọ HMO wa, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti orúkọ ilé ìwòsàn mọ́ pátákó gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tún ní lọ́la, ẹ jẹ́ ká jọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn títí ọ̀la á fi dé.