Kapásítọ̀ kékeré ló ń sọ kọ̀ǹpútà wa di ẹrù ààtàn: ta ló yẹ ká bá wí?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà nìkan lójú ẹlòmíràn, àmọ́ kò sí ilé-ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nílẹ̀ Yorùbá tí kò kàn. Àìmọye kọ̀ǹpútà ló wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tí eruku ti bò, tí ẹni tó ni ín sì ti gbà pé ó ti kú pátápátá. Bẹ́ẹ̀, ohun tó pa púpọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan róbótó kan lọ, èyí tó wà nínú páwà-páàkì wọn, tí òmíràn nínú rẹ̀ kò sì tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Kapásítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà látinú ni òun náà ṣe ń ba ẹ̀rọ jẹ́ látinú. Ọjọ́ tí àjà bá wó lulẹ̀ ni onílé tó máa ń mọ̀ pé ikán ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí akọ̀ròyìn yìí náà. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan tí mo fi ń kọ ìròyìn dákẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó yẹ kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ parí. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, fáànù yóò yí lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dúró. Ẹnjiníà àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá kò tilẹ̀ tú u wò tó fi ní kí n lọ ra òmíràn. Èkejì ló tú páwà-páàkì náà, tó sì fi hàn mí pé kapásítọ̀ mẹ́ta ti wú lórí bí àkàrà inú epo gbígbóná. Ó pààrọ̀ wọn lójú mi, ẹ̀rọ jí, mo sanwó, mo sì bá tèmi lọ pẹ̀lú ayọ̀. Kò pé oṣù méjì tó tún kú. Ìgbà tí mo padà lọ ni mo tó gbọ́ pé inú páwà-páàkì mìíràn tó ti bàjẹ́ ni ẹnjiníà náà ti tú kapásítọ̀ tó fi sínú tèmi. Kò parọ́ fún mi, èmi ni n kò bi í léèrè. Àlàyé tó ṣe ni pé iye tí àwọn oníbàárà máa ń fẹ́ẹ́ san kò lè ra tuntun. Nígbà tí mo fi owó díẹ̀ kún un, tó ra tuntun tó jẹ́ ojúlówó, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà.

Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa tó lè mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí páwà-páàkì ń ṣe.

Iná mànàmáná tó ń wọ ilé wa tó nǹkan bíi 230 sí 240 fólítì, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró lójú kan; lọ-bọ̀, lọ-bọ̀ ló ń ṣe nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà kò lè lo irú iná bẹ́ẹ̀. Iná tó fara balẹ̀, tó jẹ́ fólítì 12, 5 àti 3.3, ni tirẹ̀. Páwà-páàkì ló ń sọ ti ìta di ti inú. Yóò kọ́kọ́ sọ iná náà di èyí tí kì í lọ bọ̀ mọ́, agbára rẹ̀ yóò lé ní 300 fólítì, yóò sì kó o pamọ́ sínú kapásítọ̀ ńláńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gé iná yìí wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí yóò sì gbà á kọjá nínú transformer kékeré kan kó lè rọlẹ̀. Iná tó jáde níbẹ̀ ṣì ń ru bí omi òkun. Àwọn kapásítọ̀ kéékèèké tó wà lẹ́yìn ló ń pẹ̀tù sí i, bí ìgbà tí omi tó ń ya bọ̀ bá wọ inú àmù ńlá kó tó máa ṣàn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nínú agolo kapásítọ̀ yìí, bébà àti alumíníọ̀mù tí wọ́n ká pọ̀ bí ẹní ló wà níbẹ̀, omi kan tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ló sì rin wọ́n. Omi yìí ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí ooru bá ti gbẹ ẹ́, tàbí tí omi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ afẹ́fẹ́, agolo yóò wú, yóò bẹ́ lórí, tàbí kí omi aláwọ̀ ilẹ̀ máa sun jáde nídìí rẹ̀. Nígbà náà, kò sí ohun tí yóò pẹ̀tù sí iná tó ń ru mọ́. Kọ̀ǹpútà yóò máa tan, yóò máa kú fúnra rẹ̀, tàbí kó má tan rárá.

Ìṣirò ọ̀rọ̀ ooru yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra ọjà mọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú kapásítọ̀ kan tí wọ́n kọ 105 dígíríì àti wákàtí 2,000 sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ooru tó yí i ká bá tó 105 dígíríì, wákàtí 2,000 ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà fún, èyí tí kò pé oṣù mẹ́ta bí ẹ̀rọ kò bá sinmi. Àmọ́ bí ooru bá ṣe ń fi dígíríì mẹ́wàá mẹ́wàá dín kù ni ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò máa di ìlọ́po méjì. Bí ooru inú páwà-páàkì bá jẹ́ 65 dígíríì, wákàtí 2,000 yẹn yóò di 32,000, ìyẹn sì lé ní ọdún mẹ́ta ààbọ̀ láìsinmi. Bí ó bá wá jẹ́ pé 85 dígíríì ni wọ́n kọ sára tirẹ̀ ńkọ́? Nínú ooru 65 dígíríì kan náà, wákàtí 8,000 péré ni yóò lò, kò sì tó ọdún kan. Ní ojú, ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Níye owó, ìyàtọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yìí gan-an ni ẹni tó ń ṣe páwà-páàkì olówó pọ́ọ́kú ń ṣẹ́ jẹ.

Kì í sì í ṣe èyí nìkan ló ń ṣẹ́ jẹ. Yóò fi kapásítọ̀ kékeré sí ibi tó yẹ ńlá, yóò yọ àwọn ohun tó yẹ kó máa sẹ́ iná lẹ́nu ọ̀nà kúrò, yóò fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tó yẹ kí irin tó nípọn máa gba ooru sára, yóò sì lẹ bébà tó ní wáàtì 500 mọ́ ohun tí kò lè gbé ìdajì rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà tó gbọ́n fi máa ń kọ́kọ́ gbé páwà-páàkì lọ́wọ́ kí wọ́n tó rà á: èyí tó bá fúyẹ́ bí ìyẹ́, wọ́n ti mọ̀ pé òfìfo ni. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá wá dé ilẹ̀ wa, níbi tí ooru àti eruku ọyẹ́ ti ń dí fáànù, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń sọ iná sókè sódò, tí okùn iná gbogbogbòò fúnra rẹ̀ dojú dé ní ọ̀pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024, báwo ni yóò ṣe pẹ́?

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan ni kapásítọ̀ burúkú ti dójú ti èèyàn. Láti nǹkan bí ọdún 1999 títí di nǹkan bí ọdún 2007 ni kapásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò pójú òṣùwọ̀n, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Taiwan, ba àìmọye ẹ̀rọ jẹ́ káàkiri àgbáyé. Ilé-iṣẹ́ Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ ní ọdún 2005 láti fi ṣàtúnṣe kọ̀ǹpútà OptiPlex tí irú kapásítọ̀ yìí wà nínú mọ́dábọ́ọ̀dù wọn. Ìwé ilé-ẹjọ́ tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2010 sì fi hàn pé ó kéré tán, mílíọ̀nù 11.8 kọ̀ǹpútà tó ṣeé ṣe kó ní àbùkù yìí ni wọ́n kó jáde láàárín ọdún 2003 sí 2005. Apple náà ní láti ṣètò àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn kan lára iMac G5, títí kan àwọn tí páwà wọn ní ìṣòro. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ni ká wá sọ nípa èyí tí kò ní orúkọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ni pé ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó bá ti lò tán, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń gba ojú omi wá sí Èkó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò sì sọ fún wọn pé èyí tí kò ṣeé lò, tí àtúnṣe rẹ̀ kò sì lérè, lè tó ìdá 75 nínú 100. Ìwádìí mìíràn tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí, tó jáde ní ọdún 2018, sọ pé ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ àlòkù tó gba èbúté Èkó wọlé ní ọdún 2015 àti 2016 wà láàárín 60,000 sí 71,000 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún, ó sì kéré tán, ìdá 19 nínú 100 rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tó dé. Òfin wà tó ta ko èyí. Àjọ NESREA ti ní ìlànà lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ láti ọdún 2011. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 sì ni àdéhùn Basel ti sọ ọ́ di dandan pé kí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kó pàǹtí ẹ̀rọ lọ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ "àlòkù tó ń ṣiṣẹ́" sára pàǹtí ṣì lè gba ẹ̀yìn òfin kọjá bí a kò bá tan iná sí ẹrù rẹ̀ wò.

Bí a bá wo gbogbo èyí, a ó rí i pé ẹni tó ń bá atúnkọ̀ǹpútàṣe nìkan jà ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Àwọn ọmọ Computer Village, n'Ìkẹjà, àti ẹgbẹ́ wọn n'Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Oṣogbo, ló ń gba ẹ̀mí ẹ̀rọ là. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, tí dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà lọ́jà ìjọba sì fò kọjá 1,400 náírà nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó lè ra kọ̀ǹpútà tuntun kò pọ̀ mọ́. Àtúnṣe kì í ṣe ìwà òṣì, ọgbọ́n ni.

Àwọn kan yóò ní àtúnṣe páwà-páàkì léwu, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Kapásítọ̀ ńlá ẹnu ọ̀nà yẹn lè mú iná tó lé ní 300 fólítì dání lẹ́yìn tí a ti yọ okùn lára ògiri, ó sì lè pa èèyàn. Kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ṣẹ́ má ṣe tú u nílé. Bákan náà, páwà-páàkì kan wà tí kò yẹ ká tún ṣe: èyí tó ti jóná kọjá kapásítọ̀, tàbí èyí tí wọn kò fi ohun ààbò kankan sí láti ilé-iṣẹ́. Irú ìyẹn, kí a ra òmíràn tó jẹ́ ojúlówó, kí a sì dá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sí.

Èyí tó bá sì yẹ fún àtúnṣe, oníbàárà ní ìbéèrè tó yẹ kó bi ẹnjiníà. Ṣé tuntun ni kapásítọ̀ náà? Ṣé microfarad rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu? Ṣé fólítì rẹ̀ kò kéré sí ti àtijọ́? Ṣé 105 dígíríì ni, ṣé irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún páwà-páàkì sì ni? Kí ẹnjiníà pààrọ̀ gbogbo àwọn tó wà ní apá kan náà, kì í ṣe èyí tó wú nìkan, nítorí ooru kan náà ni gbogbo wọn jọ gbà. Kó kíyè sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fàlà sí, nítorí kapásítọ̀ tí a bá fi sódì lè bú gbàmù. Kó gbọn eruku fáànù, kó sì dán páwà-páàkì wò pẹ̀lú ẹrù iṣẹ́ kó tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà oníbàárà.

Ní ti ìjọba, kí àjọ SON máa tú kapásítọ̀ tó ń wọlé wò, nítorí àwọn ayédèrú kan wà tí wọ́n ń fi kékeré pamọ́ sínú agolo ńlá. Kí wọ́n dín owó ibodè lórí ojúlówó ohun àtúnṣe kù. Kí wọ́n fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ẹ̀rí, kó má baà jẹ́ pé ojú nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́. Owó tí yóò bá èyí lọ kò lè pọ̀ tó èyí tí a ń pàdánù sórí ààtàn.

Ṣùgbọ́n àwa oníbàárà kò lè wẹ ọwọ́ wa mọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó bá ń ná ẹnjiníà títí owó kapásítọ̀ tuntun kò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́, òun náà ló ń ra ikú ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ẹ̀rọ rẹ̀. Akọ̀ròyìn yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, oṣù méjì péré ló sì gbà kí ojú tó là.