Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ỌMỌ WA: Kí A Tó Ta Ilẹ̀ Rán Ọmọ Lọ sí Òkè Òkun

Inú ẹgbẹ́ wa dùn ní oṣù yìí, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa gba dìgírì nínú saikọ́lọ́jì, èyíinì ni ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá. A bá ìyá àti bàbá rẹ̀ yọ̀.

Nígbà tí ìpàdé tú, bàbá ọmọ náà fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Akọ̀wé, yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba ọmọ mi fún másítà ọlọ́dún kan nínú saikọ́lọ́jì ti ilé ẹjọ́. Mo ti rí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ mi ní ilé. Ṣé bí ó bá ti parí ọdún kan náà, ó ti di ọ̀gá nìyẹn?" Mo ní kí ó jẹ́ kí n wádìí. Ohun tí mo rí nìyí. Mo kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ń ṣe é kì í ṣe lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dókítà tí ń kọ oògùn fún aláìsàn ọpọlọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìmọ̀ ọkàn ẹ̀dá ran adájọ́, ọlọ́pàá àti àwọn wọ́dà lọ́wọ́. Ẹlẹ́wọ̀n kan fẹ́ jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé: ǹjẹ́ kò ní tún padà lọ ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe? Ẹnìkan dá ọ̀ràn: ǹjẹ́ orí rẹ̀ pé ní ọjọ́ náà? Ẹlẹ́rìí kan ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù: ǹjẹ́ ohun tí ó rántí ni ó rí?

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí yà mí lẹ́nu. Àwa Yorùbá a máa wí pé, "Ojú mi ni ó ṣe," a ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi fíìmù ìjàǹbá mọ́tò han 150 akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi 50 nínú wọn bí àwọn mọ́tò náà ti ń sáré tó nígbà tí wọ́n "rún ara wọn wómúwómú". Wọ́n bi 50 mìíràn bí wọ́n ti ń sáré tó nígbà tí wọ́n "kọlu ara wọn". Wọn kò bi 50 tí ó kù ní ohunkóhun nípa eré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi gbogbo wọn bóyá wọ́n rí gíláàsì fífọ́. Kò sí gíláàsì fífọ́ kankan nínú fíìmù náà. Síbẹ̀, 16 nínú àwọn ti àkọ́kọ́ ní àwọn rí i, 7 nínú àwọn ti èkejì, àti 6 nínú àwọn ti ẹ̀kẹta. Ẹ wo bí ẹni tí ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ṣe lè fi ẹnu ara rẹ̀ fọ́ gíláàsì tí kò fọ́!

Bí ọ̀rọ̀ ẹnu onímọ̀ bẹ́ẹ̀ bá lè gbé ènìyàn wọ ẹ̀wọ̀n, tí ó sì lè gbé e jáde, ẹ ó rí i pé wọn kò lè jẹ́ kí ìwé nìkan sọ ọmọ di ọ̀gá. Ẹ̀yin télọ̀ àti káfíńtà inú wa mọ èyí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó mọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ kò tíì gba òmìnira. Ó di ìgbà tí ọ̀gá bá wo ọwọ́ rẹ̀, tí ó bá pe ẹbí jọ, tí wọ́n sì gbàdúrà fún un.

Bákan náà ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpele mẹ́ta ni. Èkínní ni dìgírì tí British Psychological Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì ibẹ̀, fi ọwọ́ sí. Bí a bá gba dìgírì ní ibòmíràn, ẹgbẹ́ náà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tó, ẹ̀kọ́ àfikún wà tí a ní láti kọ́ ná. Èkejì ni másítà tí ẹgbẹ́ yìí kan náà fi ọwọ́ sí. Ẹ̀kẹta ni ọdún méjì, ó kéré tán, ní ẹnu iṣẹ́, bí ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí ilé ìwòsàn, lábẹ́ ọ̀gá tí ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ rẹ̀ yóò tó lè wọ inú ìwé Health and Care Professions Council, àjọ tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ náà láti 2009. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní "forensic psychologist". Òfin kọ̀ ọ́.

Nítorí náà, bàbá tí ó ta ilẹ̀ nítorí ọdún kan yóò bá ara rẹ̀ ní àárín ọ̀nà, ilẹ̀ á ti lọ, iṣẹ́ kò sì tíì dé. Kì í ṣe pé mo ní kí ọmọ má lọ. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ó béèrè nǹkan mẹ́ta kí owó tó jáde. Ǹjẹ́ wọn yóò gba dìgírì tí ó ní lọ́wọ́? Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ náà fi ọwọ́ sí másítà yìí gan-an? Níbo ni yóò ti ṣe ọdún méjì ti ẹnu iṣẹ́, ta ni yóò sì máa bọ́ ọ?

Kí a má sì gbàgbé ilé. Yunifásítì Jọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí wa ní ẹ̀ka saikọ́lọ́jì, bẹ́ẹ̀ ni ti Ìbàdàn àti ti Èkó. Ní 2019, òfin tuntun yí orúkọ iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí Nigerian Correctional Service, èyí tí ó fi hàn pé àtúnṣe ènìyàn ni wọ́n ń lé. Ẹni tí yóò tún ọkàn ènìyàn ṣe gbọdọ̀ gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín gbọ́ Yorùbá, wọ́n gbọ́ Haúsá, wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé ogún ńlá ni èyí, kò sì sí yunifásítì tí ń tà á.

Mo ka gbogbo èyí fún bàbá náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀: "Bàbá mi, ẹ ní kí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé bi wọ́n ná." Ó ti kọ ọ́. Bí èsì bá dé, ẹ ó gbọ́ ọ lójú ewé yìí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a ṣe làálàá òfo ní ìdálẹ̀. A ó jèrè ọmọ, a ó sì kó èrè délé. Ó di oṣù tí ń bọ̀.