Ajáṣin ti Ọ̀wọ̀: Olùkọ́ Tó Di Gómìnà, àti Ìbò Tó Da Ìpínlẹ̀ Oǹdó Rú

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Bí ó ti wù kí ọmọ Yorùbá pẹ́ tó ní Kánò, ní Kàdúná tàbí ní Jọ́ọ̀sì, etí rẹ̀ kì í kúrò nílé. Ìjọba tó bá wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ kàn án gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ará àjò ń rán ọmọ wọn lọ kàwé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí tọmọdé tàgbà yẹ ìgbésí ayé Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin wò dáadáa. Ìbéèrè méjì tó ń dààmú òṣèlú Nàìjíríà títí di òní wà nínú rẹ̀: kí ni ìjọba wà fún, ta ni ó sì ni ìbò?

Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, 1908. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Fourah Bay College ní Sàró, níbi tó ti gboyè ní 1946, kí ó tó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1947 ó padà sí ìlú rẹ̀, ó sì di ọ̀gá àgbà Ìmádé College. Ó wà nípò yìí fún ọdún 15. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ilé-ìwé mìíràn, Owo High School, ni ó tún dá sílẹ̀ ní 1963.

Ìrírí iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni ó gbé wọ inú òṣèlú. Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí aṣọ lójú ẹgbẹ́ Action Group, tí ará ìlú mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ní oṣù Kẹrin 1951, Ajáṣin sì wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Òun ni ó kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ náà tẹ́wọ́ gbà. Láti inú ètò yìí ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti jáde, èyí tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1955. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ tó di akọ̀wé ìjọba, nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ kò mọ̀ pé ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ọ̀wọ̀ ló kọ́kọ́ fi kálàmù la ọ̀nà náà.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979, Ajáṣin di gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ UPN. Ìjọba rẹ̀ mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ìwé gíráámà, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Poly sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ó sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1982. Ṣùgbọ́n ohun rere kì í ṣaláì ní ìnira tirẹ̀. Owó epo rọbì ni gbogbo ìpínlẹ̀ gbójú lé. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láti 1981, ètò ọ̀fẹ́ di ẹrù tó wúwo, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ NPN, tí í ṣe alátakò UPN, ló di àpò ìjọba àpapọ̀ mú.

Ibẹ̀ ni nǹkan dé tí ìjà fi wọ inú ilé. Olóyè Akin Ọmọbóríowó, igbákejì gómìnà, fẹ́ gba ipò ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kò fà á kalẹ̀, ó bọ́ sínú NPN. Ní oṣù Kẹjọ 1983, àjọ FEDECO kéde pé Ọmọbóríowó ni ó wọlé ìbò. Ìlú gbiná. Ní Àkúrẹ́ àti ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n sun ilé, wọ́n sì pa ènìyàn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ilé-ẹjọ́ yẹ àkọsílẹ̀ ìbò wò, ó sì dá a padà fún Ajáṣin. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìdájọ́ kò sì yí padà. Síbẹ̀, àwọn tó kú kò jí. Ìdájọ́ tó tọ́ dé lẹ́yìn tí iná ti jó ilé tán. Ẹni tó bá ń bá àwọn tó dáná sunlé wí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ẹni tó yí èsì ìbò wí, nítorí òun ló ṣáná. Ṣùgbọ́n ìwé ìbò tí wọ́n tọ́jú pamọ́ ni ó gba ipò náà padà, kì í ṣe iná.

Ọjọ́ kò tí ì jìnnà tí gbogbo rẹ̀ fi di asán. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, àwọn ológun gba ìjọba. Wọ́n ti Ajáṣin mọ́lé, wọ́n sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ti ológun. Ìgbìmọ̀ náà dá a láre, àmọ́ àtìmọ́lé ni ó wà títí di 1985.

Lẹ́yìn ikú Awólọ́wọ̀ ní 1987, òun ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ṣe olórí. Nígbà tí ológun fagi lé ìbò June 12, 1993, èyí tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá borí nínú rẹ̀ títí dé Kánò, Ajáṣin tún ṣe aṣáájú NADECO láti 1994. Kò fojú rí ìpadàbọ̀ ìjọba alágbádá ní 1999, nítorí ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1997. Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà tó wà ní Àkùngbá-Àkókó ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Iṣẹ́ ẹni ní í fi ni hàn. Ẹ̀kọ́ fún ọmọ tálákà ni Ajáṣin fi dáhùn ìbéèrè kìíní. Ará ìlú fúnra wọn ni ó dáhùn ìkejì: àwọn ni wọ́n ni ìbò. Ọmọ Yorùbá tó ń dìbò ní àjò pẹ̀lú ní ìpín nínú ìdáhùn yìí, nítorí ìbò tí a kò bá ṣọ́ ní Kánò kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò ṣọ́ ní Àkúrẹ́.