Ilẹ̀ Ilé Tí Kì Í Tètè Bàjẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ń kọ́ ilé a máa kọ́kọ́ ro ti páànù àti ọ̀dà, wọn a sì fi ilẹ̀ ilé sí ìkẹyìn, nígbà tí owó ti tán. Lójú tiwa, kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Òrùlé ni àlejò ń wò, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń rákòrò.

Nínú eruku gbígbẹ ni jìgá ti ń pọ̀ sí i. Nínú ilẹ̀ tútù tí ìgbẹ́ bà jẹ́ ni aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara ti ń dàgbà. Àwọn ìyá wa a máa fi ẹbọ́tọ ra ilẹ̀ kí eruku má baà sọ. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe nígbàkigbà. Nítorí náà, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká sìmẹ́ǹtì, kí ó kọ́kọ́ fi í sí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn.

Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì nìkan kọ́ ni ń mú ilẹ̀ pẹ́. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilẹ̀ tí àwọn ará ìgbàanì fi àpáàdì tẹ́ ṣì wà títí di òní, ó sì ti lé ní 500 ọdún. Wọn kò da àpáàdì náà sílẹ̀ lásán. Òòró ni wọ́n tò ó, ọ̀kan ti èkejì pinpin.

Kí a kó ilẹ̀ dúdú kúrò, kí a da yangí sí i, kí a lù ú títí yóò fi le, kí inú ilé sì ga ju ìta lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí a po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, iyanrìn 3 àti òkúta wẹ́wẹ́ 6, kí a dà á lé e, kí ó nípọn tó íǹṣì 4. Kí omi rẹ̀ má ṣe pọ̀ jù. Nígbà tí ó bá ti dì, kí a máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Àwọn kan rò pé gbígbẹ ni ń mú sìmẹ́ǹtì le. Kò rí bẹ́ẹ̀, omi ni ó fi ń le. Bíríkìlà tí ó bá ní kí ẹ kó ẹrù wọlé ní ọ̀la, owó yín ni ó fẹ́ fi ṣòfò.

Táìlì dára, ó sì rọrùn láti nù. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ rẹ̀ kò bá le, yóò fọ́, bí omi bá sì kan èyí tí ń dán, àgbàlagbà lè yọ̀ ṣubú.

Bí owó kò bá tó, ẹ ṣe yàrá kan dáradára ní ọdún yìí, kí ẹ ṣe èkejì lẹ́yìn ìkórè tí ń bọ̀. Èyí sàn ju kí a fi sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun gbogbo ilé, kí ó sì ṣí ní ọdún kejì. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.