Ojú Inú Tó Là, Tí Kò Lè Kọ Ìwé Ìhágún

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ojú inú òun ti là, pé òun ti borí ara, pé ikú kò já mọ́ nǹkan kan lójú òun mọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: níbo ni ìwé ìhágún rẹ̀ wà? Bó bá jẹ́ ẹni tó nílé, tó láya, tó bímọ, tí kò sì rí ìwé kankan tọ́ka sí, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Kò tíì jí. Ó ṣì ń sùn, àlá ló ń lá pé òun ti jí.

Ọ̀rọ̀ náà le, mo mọ̀. Mo sì fẹ́ kó le, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ẹnu dídùn tan ara wa jẹ lórí ọ̀ràn yìí. Ilẹ̀ Yorùbá kún fún àwọn tó ní àwọn ti kú sí ara wọn. Ọmọ ìjọ tó ń ṣe ìṣọ́ òru lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ní òun ti jọ̀wọ́ ara òun fún Olúwa pátápátá. Ẹni tí kì í pa àsálátù jẹ ní ayé ti jáde lọ́kàn òun. Àwọn ọ̀dọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ti sú náà kò gbẹ́yìn: wọ́n á jí ní kùtùkùtù, wọ́n á ká ẹsẹ̀ jókòó, wọ́n á máa ṣe àṣàrò, wọ́n á máa mí sínú mí síta bí ẹni inú fóònù ti ń kọ́ wọn, wọ́n á ní "èmi" ti kú nínú àwọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá dárúkọ ìwé ìhágún, èyí tí gbogbo wa ń pè ní wíìlì, létí èyíkéyìí nínú wọn. Kíá, ọwọ́ á yí orí ká, wọ́n á tàka dànù: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ikú kọ́ ni tèmi!" Níbo wá ni ẹni tó ti kú sí ara rẹ̀ ti rí orí tó ń fi ọwọ́ yí ká?

Ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn ọ̀dọ́ yìí máa ń fi àwòrán rẹ̀ sójú fóònù ni Ramana Maharshi, ará gúúsù India. Inú mi á dùn bí wọ́n bá lè ka ìtàn ọkùnrin náà dé òpin. Ní oṣù keje ọdún 1896, ọmọ ọdún 16 ni, Venkataraman ni wọ́n ń pè é, ilé arákùnrin bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní ìlú Madurai. Bàbá rẹ̀ ti kú láti 1892. Ara rẹ̀ le, kò sí ibi tó ń dùn ún. Lọ́jọ́ kan tó dá jókòó sínú yàrá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìbẹ̀rù ikú ṣàdédé kì í mọ́lẹ̀. Kò pariwo, kò pe oníṣègùn, kò sá jáde. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó na ọwọ́ na ẹsẹ̀, ó gan bí òkú, ó pa ẹnu dé, ó sé èémí. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé: ara yìí ti kú, wọn á gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti sun ún, ṣé èmi náà ti kú nìyẹn? Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó dá a lójú pé òun kì í ṣe ara náà, ìbẹ̀rù ọ̀hún kò sì padà wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló fi ilé sílẹ̀ lọ sí Tiruvannamalai, lẹ́sẹ̀ òkè Arunachala, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1950. Nígbà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gé jẹjẹrẹ lápá òsì rẹ̀ ní 1949, àwọn ọmọlẹ́yìn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wo ara rẹ̀ sàn. Kò dá wọn lóhùn bí wọ́n ti fẹ́.

Ibi tí àwọn ọmọ wa kì í kà dé nìyí: ọkùnrin yìí kan náà kọ ìwé ìhágún ní 1938. Ọgbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn kọ́ yí i ká ti di ńlá, wọ́n ti ń jà lórí ẹni tí yóò máa ṣàkóso rẹ̀, ẹjọ́ tilẹ̀ ti dé kóòtù. Ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbúrò òun ni kó máa bójú tó o. Nígbà tó kan ìbuwọ́lùwé, kò kọ orúkọ kankan, ìlà kan ló fà sí i. Ẹ bá mi rò ó wò. Ẹni tí kò ní orúkọ tó ń pe ara rẹ̀ mọ́, tí ohun ìní rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju aṣọ ìdí lọ, ó jókòó, ó gba bírò, ó fa ìlà. Kí wá ni àwáwí ẹni tó ní ilé méjì n'Íbàdàn àti pulọ́ọ̀tì mẹ́ta ní Mówè?

Ìdí tí mo fi mú ìwé yìí ṣe òṣùwọ̀n ni pé mi ò mọ àdúrà, mi ò mọ ààwẹ̀, mi ò mọ àṣàrò kan tó ń tú "èmi" síta bíi tirẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tì í gbọ́dọ̀ kọ "nígbà tí mo bá kú". "Bí mo bá kú" kò bójú mu níbẹ̀. Ọwọ́ á kọ́kọ́ wúwo. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ilé tó ti ń pè ní "ilé mi" láti ogún ọdún á ní láti di ti ẹnìkan tó lórúkọ. Àkáǹtì tí ìyàwó kò mọ̀ á ní láti yọjú. Ọmọ tó bí síta, tó ń fi owó ilé ìwé ránṣẹ́ sí ní ìkọ̀kọ̀, á bèèrè ìlà tirẹ̀ lórí ìwé. Àbúrò tó bá a dá owó ilẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí rìsíìtì, òun náà ń bọ̀. Gbogbo kọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ara pamọ́ sí ló wà lórí abala ìwé méjì yẹn. Ìbẹ̀rù ikú àti ìbẹ̀rù pé a ó rí wa bí a ti rí gan-an, ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹni tí kò bá lè kojú èkejì, irọ́ ló ń pa pé òun ti borí èkíní.

Òye yìí kì í ṣe ti India nìkan. Kí Kristẹni tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ogún jẹ́ àìnígbàgbọ́ lọ ka bí Jésù ṣe kú nínú Ìhìn Rere Jòhánù. Lórí igi, nínú ìrora yẹn, ó rí ìyá rẹ̀ tó dúró nísàlẹ̀, ó fi í lé ọmọ-ẹ̀yìn kan lọ́wọ́, ọmọ-ẹ̀yìn náà sì mú un lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ òun kan náà ló ti bẹ̀bẹ̀ ní Gẹtisémánì pé, bó bá ṣeé ṣe, kí ikú náà ré òun kọjá. Kò sẹ́ni tó lè ní kò mọ ìbẹ̀rù. Ìbẹ̀rù dé, ó gbàdúrà, ó sì tún ṣètò ìyá rẹ̀. Àwọn tó sọ fún mi pé ìbẹ̀rù ikú jẹ́ ohun tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ wa kò parọ́, mi ò bá wọn jà. Ìbẹ̀rù tó gbé bírò kúrò lọ́wọ́ ẹni ni mò ń bá jà.

Ti Mùsùlùmí tilẹ̀ le jù, nítorí kò ní ibi tó lè sá gbà. Hadíìsì wà nínú Bukhari pé Mùsùlùmí tó bá ní ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sun òru méjì láìjẹ́ pé ó ti wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òru méjì! Al-Ghazali, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí òkìkí wọn kàn jù ní Baghdad, fi ipò ńlá rẹ̀ sílẹ̀ ní 1095 nígbà tó rí i pé iyì lòun ń wá nínú ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ àwọn èèyàn. Kó tó gbọ̀nà, ó pín owó rẹ̀, ó fi èyí tí yóò tó ìdílé rẹ̀ jẹ sílẹ̀ fún wọn. Ìrántí ikú sì ni apá tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀, Ihya, dá lé. Ní ti àwa fúnra wa, Ifá ti sọ ọ́ nínú Ògúndá Méjì pé nínú gbogbo irúnmọlẹ̀, Orí nìkan ló lè bá ẹni rin ìrìn jíjìn láìpadà lẹ́yìn. Ilé alájà kò sí nínú àwọn tí Ifá dárúkọ.

"Àṣà wà, àwọn àgbà á pín in." Mo gbọ́ ọ. Suberu Dawodu kú l'Ékòó ní 1940, kò kọ ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ló fẹ́, ọmọ mẹ́sàn-án ló fi sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín dúkìá rẹ̀, kí agbolé ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kí olúkúlùkù ọmọ gba ìdá kan nínú mẹ́sàn-án? Àṣà kúkú wà, méjì tilẹ̀ ni. Ẹjọ́ náà ti kóòtù dé kóòtù, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà ní 1958, ó kọjá òkun dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní London, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1962 pé ìdí-igi ni. Láti ọjọ́ tí bàbá kú dé ọjọ́ tí ẹjọ́ parí, ọdún 22. Ọmọ tó wà lọ́mọ ọwọ́ nígbà ìsìnkú ti tó ẹni tó ń bímọ. Àwọn agbẹjọ́rò ń tọ́ka sí ẹjọ́ yẹn títí dòní, ẹ̀kọ́ ńlá ni fún wọn. Èmi ń ro bí ọmọ ìyá mẹ́rin ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ibi kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó burú ju ti ogún lọ. Lọ́dún 1989, àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ adájọ́ 22 ní ìlú Tucson. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn kọ́kọ́ kọ ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn nípa ikú tiwọn. Wọ́n wá fún gbogbo wọn ní ẹjọ́ kan náà, ti obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn iṣẹ́ aṣẹ́wó kàn, kí wọ́n sọ iye bééli rẹ̀. Àwọn tí wọn kò rán létí ikú sọ iye tó jẹ́ dọ́là 50 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tí wọ́n rán létí, dọ́là 455. Adájọ́ 22 kò pọ̀, mi ò ní fi wọ́n dá gbogbo ayé lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sí ìṣọ́ òru wa kò nílò Tucson. Wọ́n á fi ikú dẹ́rù bà yín láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́rin ìdájí, ikú òjijì, ikú ọ̀dọ́, ikú ojú ọ̀nà. Nígbà tí àyà gbogbo ìjọ bá ti já tán, wọ́n á wá na ìka sí ẹnìkan. Ẹni náà sì sábà máa ń jẹ́ ìyá arúgbó kan ní abúlé.

Mo mọ ọkùnrin kan tó ti irú ibẹ̀ bọ̀, tí kò gbé ìpè ìyá rẹ̀ mọ́. Ìyá náà fi ẹ̀lùbọ́ rán awakọ̀ sí i bó ti máa ń ṣe. Lẹ́nu géètì ni àpò náà wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e wọlé, títí kòkòrò fi wọ̀ ọ́. Ọkùnrin yìí ń jẹ́rìí nínú ìjọ pé ojú ẹ̀mí òun ti là. Ohun tí mo rí ni ẹni tí ẹ̀rù ikú bà dé ibi tó fi ìyá rẹ̀ ṣe ìràpadà orí ara rẹ̀.

Ẹnìkan á ní: bí ìrántí ikú bá ń sọ adájọ́ di ìkà, kí ló dé tí o tún ń rọ̀ wá pé ká jókòó kọ̀wé nípa ikú? Nítorí pé ẹni tí wọ́n sáré fi ikú hàn, tí wọ́n sì yí ojú rẹ̀ sí ọ̀tá lójú ẹsẹ̀, kò dúró ti ìbẹ̀rù náà rí. Ọmọkùnrin Madurai yẹn dúró tì í, ó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ títí ó fi tán. Ẹni tó ń kọ ìwé ìhágún náà ní láti dúró tì í láti ìlà kìíní dé ìbuwọ́lùwé, ohun tó sì ń ṣe lákòókò náà ni pé ó ń fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àwọn tó bá sọ pé ìwé ìhágún ń dá ìjà sílẹ̀, wọ́n rí díẹ̀ sọ, nítorí mo ti rí ìwé tí bàbá fi gbẹ̀san lára ọmọ. "Èmi" lè wọ inú ìwé náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún kóòtù, kò tíì gbìyànjú láti lé e jáde rárá. Ẹni tó sì ní tálákà lòun, òun ló yẹ kó tètè kọ tirẹ̀: yàrá méjì tí òjò ń wọ̀ ti tú ọmọ ìyá ká rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin álúfà, ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àṣàrò, tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń tẹ̀lé yín lójú gbangba pé ẹ ti kọ ọ́. Ẹni tó bá kọ̀, kó yé kọ́ ẹnikẹ́ni nípa ikú mọ́, ẹ̀rù tirẹ̀ ló ń tà fún ìjọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wá agbẹjọ́rò kan lọ lóṣù yìí. Ẹ mú ẹlẹ́rìí méjì dání, kí wọ́n wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń buwọ́ lù ú, kí wọ́n má sì jẹ́ ẹni tí ẹ fún ní nǹkan nínú rẹ̀ tàbí ọkọ àbí aya irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí Mùsùlùmí rántí pé ohun tó bá fẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹ kọ orúkọ ọmọ tó wà níta sí i. Ẹ lè fi ìwé náà pamọ́ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ yín, ẹ sì lè yí i padà nígbàkígbà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà láàyè tí orí yín sì pé.